Ìtàn Eré-ìje Kẹ̀kẹ́ Amissa Bongo ní Orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù

Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Kí ọ̀kadà tó gbòde, òun ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti olóbì fi ń ná ọjà Ṣàgámù. Ohun tó lè ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ènìyàn máa fi kẹ̀kẹ́ sáré jẹun, kí eré-ìje kan ṣoṣo sì gba odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yéni. Bí wọ́n bá sáré láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́ lónìí, tí Àkàndé fi ìṣẹ́jú àáyá 10 ṣáájú Àjàní, tí wọ́n sì sáré láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la, tí Àjàní fi ìṣẹ́jú àáyá 30 ṣáájú, Àjàní ló borí. Àròpọ̀ àkókò gbogbo ìpele ni wọ́n ń wò.

Irú eré báyìí ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù ní ọdún 2006. Wọ́n fi orúkọ Albertine Amissa Bongo pè é, ọmọbìnrin Ààrẹ Omar Bongo, tó di olóògbé ní 1993. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n sábà máa ń sá a, nígbà tí òtútù gba ilẹ̀ Yúróòpù kan, tí àwọn eléré ibẹ̀ sì ń wá ibi tí oòrùn wà láti na ẹsẹ̀ wọn.

Ibí yìí gan-an ni èrè eré náà wà. Ọmọ Áfíríkà tí kò rí ọ̀nà dé Yúróòpù lè bá àwọn ògbóǹtarìgì díje nítòsí ilé. Lóòótọ́, àwọn àlejò ló kọ́kọ́ ń jẹ gàba. Anthony Charteau ará Faransé nìkan gba ife-ẹ̀yẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta, láti 2010 dé 2012. Ní 2014 ni Natnael Berhane ará Ẹritrẹ́à di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Rafaâ Chtioui ará Tùnísíà tẹ̀ lé e ní 2015, Joseph Areruya ará Rùwáńdà sì gbà á ní 2018. Ní 2019, Biniam Girmay ará Ẹritrẹ́à, ọmọ ọdún 18 péré, borí ní ìpele kan. Ọmọ yìí kan náà ló borí ní ìpele 3 nínú eré ńlá ilẹ̀ Faransé ní 2024, tó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n eré tí wọ́n so mọ́ orúkọ ìdílé kan, ewu ń bẹ fún un. Àrùn Kòrónà dá a dúró ní 2021 àti 2022. Ó padà ní 2023, Geoffrey Soupe ará Faransé sì gbà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ológun lé Ali Bongo kúrò lórí oyè. Ní 2024, eré náà kò wáyé.

Rùwáńdà ló gba ìdíje àgbáyé lálejò ní Kigali ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí Áfíríkà.