Nọ́ọ̀sì, Wolé-wolé àti Abẹléwò: Orúkọ Òṣìṣẹ́ Ìlera Lábẹ́ Àtúnṣe Ètò Ìlera ní Nàìjíríà

Ìgbàkúùgbà tí ìjọba bá tún ètò ìlera ṣe, ohun méjì ni ó máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Èkejì ni àwọn ènìyàn tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun kẹta kan wà tí kì í tètè yí padà, èyí ni orúkọ tí aláìsàn fi ń pe òṣìṣẹ́ tí ó dúró níwájú rẹ̀. Láti 1975 ni àtúnṣe ti ń gorí àtúnṣe nínú ètò ìlera Nàìjíríà, tí oríṣiríṣi òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ń tipa bẹ́ẹ̀ jáde. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, olúkúlùkù wọn ní orúkọ tirẹ̀ nínú òfin àti nínú ìwé owó oṣù. Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo wọn pọ̀: nọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè wo ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ti jáde wá, kí wọ́n tó wá orúkọ tí ó bá wọn mu.

1. Àwọn orúkọ tí ó ti pẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni èdè Yorùbá gbà sọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbà àkọ́kọ́ lórúkọ. Ọ̀nà kìíní ni àyálò. Láàárín 1895, tí Ìjọ Àgùdà dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti 1957, tí wọ́n ṣí ọsibítù ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, dókítà, nọ́ọ̀sì àti dìsìpẹ́ńsà di ọ̀rọ̀ ẹnu tọmọdé tàgbà. Ọ̀nà kejì ni ìfẹ̀lójú ìtumọ̀. Kí àwọn òyìnbó tó dé ni agbẹ̀bí ti wà. Nígbà tí àwọn obìnrin tí ó gba ìwé-ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ̀bí ní ọsibítù, orúkọ àtijọ́ náà ni wọ́n jogún.

Ọ̀nà kẹta ni ìṣẹ̀dá, níbẹ̀ sì ni ọgbọ́n èdè ti hàn jù lọ. Ní ayé ìjọba àmúnisìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó máa ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Wọ́n á yọjú wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, wọ́n á wo ṣáláńgá, wọ́n á wo àgbàlá. Onílé tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí lè bá ara rẹ̀ ní kóòtù. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó ṣẹ̀dá orúkọ fún wọn. Àwọn ará ilé tí wọ́n ń bẹ̀ wò ni ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe ‘wo’ àti ọ̀rọ̀-orúkọ ‘ilé’, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ di ‘wolé’, tí wọ́n sì ṣe àpètúnpè rẹ̀, ó di wolé-wolé. Orúkọ oyè wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà láti ìgbà náà. Òfin 2002 tilẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń forúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìlera àyíká. Síbẹ̀ wolé-wolé ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu ará ìlú títí di òní.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ó kúrú. Ó sọ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe gan-an, kì í sọ ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ó sì ṣeé fi pe ènìyàn: ọmọdé tí ó rí i lókèèrè lè ké sí ìyá rẹ̀ pé wolé-wolé ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣeé ké jáde báyìí yóò kú sínú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

2. Àwọn òṣìṣẹ́ tí àtúnṣe bí

Èrò pé kí ìtọ́jú tọ àwọn ènìyàn lọ dípò kí wọ́n máa dúró de aláìsàn ní ọsibítù kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń fa ìlà ìdàgbà rẹ̀ sórí káàdì kan, ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní ibẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, láìdúró de dókítà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé láti ìgbà náà. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera àrọ́ko ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè mọ àìsàn níbi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ gba irú èrò yìí wọlé nínú Ètò Ìdàgbàsókè Kẹta, 1975 sí 1980. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti pinnu láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ titun tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko. Ní oṣù kẹsàn-án 1978, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Alma-Ata, ní ilẹ̀ Kazakhstan tí ó wà lábẹ́ Soviet nígbà náà, wọ́n sì fi ẹnu kò pé kí ìtọ́jú tí ó ṣe kókó sún mọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe. Ìlànà Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 1988 sì pín iṣẹ́ sí ipele mẹ́ta: ìtọ́jú àkọ́kàn di ti ìjọba ìbílẹ̀, ọsibítù jẹnẹ́rà di ti ìpínlẹ̀, ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn di ti ìjọba àpapọ̀.

Ìsọ̀rí òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ó fìdí múlẹ̀ nínú ètò yìí. Ìsọ̀rí kìíní kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún 2, inú ilé àwọn ènìyàn ni iṣẹ́ wọn sì pọ̀ sí jù. Ìsọ̀rí kejì kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún 3, wọ́n sì pín àkókò wọn láàárín ilé ìwòsàn àti àdúgbò. Lẹ́tà mẹ́rin, CHEW, ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ìsọ̀rí kẹta, CHO, ni ó ń ṣe àbójútó àwọn méjèèjì. Ìwé ìlànà ìtọ́jú kan wà tí ó ń tọ́ wọn sọ́nà: bí wọ́n bá rí àmì báyìí, kí wọ́n ṣe báyìí, bí wọ́n bá rí àmì tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tètè fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ọsibítù jẹnẹ́rà. Láti 1992 ni òfin ti dá àjọ tí ó ń forúkọ wọn sílẹ̀ mọ̀, yàtọ̀ sí ti àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí òfin 1979 ń ṣàkóso.

3. Ewu tí ó wà nínú orúkọ kan ṣoṣo

Lójú aláìsàn, ìyàtọ̀ tí òfin ṣe yìí kò hàn. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ iṣẹ́, tí ó sì mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì ni. Ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ wá, tí òṣìṣẹ́ ìlera sì sọ fún ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n yára gbé e lọ sí ọsibítù jẹnẹ́rà, ohun tí ìwé ìlànà pa láṣẹ gan-an ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹbí tí ó gbà pé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ó wà níwájú wọn kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò bi í pé, “Ṣebí nọ́ọ̀sì ni yín? Èé ṣe tí ẹ kò lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là?” Wọn yóò rò pé ó ń yẹ iṣẹ́ sílẹ̀ ni, tàbí pé owó ni ó ń wá. Wákàtí tí wọ́n bá fi ṣe àríyànjiyàn ni ó ń pa ènìyàn. Orúkọ tí kò tọ́ ti sọ ìmọ̀ràn rere di ohun ìfura.

Ó tún ń pa òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lára. Ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn pè ní gbogbo ọjọ́ kò lè ṣàì máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò débẹ̀. Àwọn òbí ń ti ọmọ wọn pé kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí òbí tí ó lè ti ọmọ sí iṣẹ́ tí kò lórúkọ.

4. Àríwísí lórí ọ̀rọ̀ ‘alábọ́dé’

Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn sábà máa ń lò fún ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ni ‘ilé ìwòsàn alábọ́dé’. Alábọ́dé ni ohun tí kò tóbi tí kò sì kéré. Bí ilé ìwòsàn ìpele kìíní bá jẹ́ alábọ́dé, kí ni ọsibítù jẹnẹ́rà tí ó wà ní àárín gan-an yóò máa jẹ́? Ọ̀rọ̀ náà tún ń dọ́gbọ́n sọ fún ará ìlú pé ìtọ́jú ibẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ. ‘Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀’, tí wọ́n ń lò fún ilé-ẹ̀kọ́, kò sàn jù ú lọ: etí Yorùbá ń gbọ́ ‘kọ́’ nínú rẹ̀, aláìsàn sì lè rò pé àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni yóò tọ́jú òun.

Bí wọ́n bá padà sí ohun tí ìpàdé Alma-Ata tẹnu mọ́, pé kí ìtọ́jú sún mọ́ ilé, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò nílò ìṣẹ̀dá: ẹsẹ̀kùlé. ‘Ìtọ́jú ẹsẹ̀kùlé’ àti ‘ilé ìwòsàn ẹsẹ̀kùlé’ kò bu iṣẹ́ náà kù. Ibi tí ó wà ni ó sọ, ibi tí ó wà sì ni agbára rẹ̀.

5. Àwọn orúkọ tí ó ṣeé gbà

Fún àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, ‘òṣìṣẹ́ ìlera tí ń mú ìtọ́jú gbòòrò dé àwùjọ’ jẹ́ oríkì, kì í ṣe orúkọ. Ẹni tí inú ń run kò lè fi ké pe ẹnikẹ́ni. ‘Alábẹ̀wò ìlera’ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n alábẹ̀wò ti di ti àwọn tí ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò. Ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí wolé-wolé là sílẹ̀ ni ó dára jù. Bí wọ́n bá mú ‘bẹ ilé wò’, tí wọ́n sì fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘a-’ sí i, yóò di abẹléwò. Wolé-wolé ń wo ilé láti wá ẹ̀ṣẹ̀ rí. Abẹléwò ń bẹ ilé wò nítorí àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ náà sì ṣeé fi pín ipò:

Abẹléwò: ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún 2.
Àgbà abẹléwò: ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún 3.
Ọ̀gá abẹléwò: ẹni tí ó ń ṣe àbójútó wọn.

Nínú ètò yìí, kò sí ẹni tí wọ́n ń pè ní kékeré. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó tilẹ̀ ni orúkọ gan-an, àwọn tí ó wà lókè rẹ̀ ni ó fi kún un. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni ó ti fìdí mọ́ ilé ìwòsàn, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ ilé kankan wò mọ́. Òtítọ́ ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí orúkọ náà fi wúlò: yóò máa rán òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ létí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀.

6. Ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́ àti ìpínṣẹ́ṣe

Àtúnṣe kò dúró sí 1988. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó ń rán àwọn agbẹ̀bí lọ sí ìgbèríko, tí ó fi mọ́ àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ní 2014, Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè pàṣẹ pé kí ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpapọ̀ tí ó wọlé fún ìjọba àpapọ̀ máa lọ sí àpò ìtọ́jú tí ó ṣe kókó. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú.

Èyí tí ó kan orúkọ òṣìṣẹ́ jù lọ ni ìlànà 2014 tí ó fi àwọn iṣẹ́ kan tí ó ti jẹ́ ti dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lé àwọn àgbà abẹléwò lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni fífi ọ̀pá ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí abẹ́ awọ apá obìnrin. Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìlànà yìí, ó sì yẹ kí Yorùbá náà ya méjèèjì sọ́tọ̀. ‘Ìgbéṣẹ́fúnni’ kò yẹ, nítorí agbaṣẹ́ṣe ni ọkàn yóò lọ bá. ‘Ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́’ sàn jù, ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú. ‘Ìpínṣẹ́ṣe’ sì bá èkejì mu, níbi tí iṣẹ́ ti di ti gbogbo wọn lápapọ̀. Àríyànjiyàn tí ó ń wáyé láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera kò ju pé ewo nínú méjèèjì ni ìjọba ní lọ́kàn, àti pé ṣé owó oṣù yóò bá iṣẹ́ titun náà rìn.

Bí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń jápa lọ sí Bìrìtìnì àti Amẹ́ríkà, ìbéèrè yìí ń le sí i. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sí ara orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera wọn gba ìtọ́jú pàtàkì. Níbi tí nọ́ọ̀sì kò bá sí mọ́, abẹléwò ni yóò kù. Kò dára kí ó jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ti lọ ni wọ́n óò máa fi pe ẹni tí ó dúró.

7. Ìkádìí

Ìgbìmọ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ di ti ará ìlú. Lílò ni ó ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ó yẹ kí wọ́n ti dán àwọn orúkọ yìí wò: ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, ètò ìlera orí rédíò, àti ara ògiri ilé ìwòsàn ẹsẹ̀kùlé, níbi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí gàdàgbà ní Yorùbá pé ta ni nọ́ọ̀sì, ta ni agbẹ̀bí, ta ni abẹléwò, kí ni olúkúlùkù lè ṣe, àti nígbà wo ni wọn yóò fi aláìsàn ránṣẹ́ síwájú. Bí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá gba ọ̀rọ̀ náà, yóò dúró. Bí wọ́n bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí àwọn onímọ̀ èdè ṣí ìwé wọn kí wọ́n sì kọ ti àwọn ìyá sílẹ̀, nítorí àwọn ìyá ilé àtijọ́ ni ó ṣẹ̀dá wolé-wolé.