Ta Ló Ni Ẹrẹ̀ Etí Gọ́tà?

Bí àkókò òjò bá ti ń kanlẹ̀kùn, ohun kan wà tí ará Ìbàdàn kì í ṣàìrí ládùúgbò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á dé tàwọn ti ṣọ́bìrì, wọ́n á bọ́ sínú gọ́tà, wọ́n á sì máa wa ẹrẹ̀ jáde: ẹrẹ̀ dúdú tó ti jẹrà, ọ̀rá omi mímu tó ti lẹ̀ mọ́ra bí ewé, ẹsẹ̀ bàtà kan, ìgò, ike, àkísà àǹkárá. Etí gọ́tà náà ni wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Òórùn á gba àdúgbò kan, síbẹ̀ inú àwọn èèyàn á dùn, nítorí omi ti rọ́nà gbà. Ó wá ku ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ náà lọ. Lọ́jọ́ kìíní, kò dé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹrẹ̀ ti gbẹ, àwọn ọmọdé ti ń gorí rẹ̀ ṣeré. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò rọ̀, ó sì gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà tí wọ́n ti wà á jáde.

Àwọn tó wa gọ́tà ti ṣe tiwọn. Iṣẹ́ ṣọ́bìrì nìkan ni wọ́n gbé fún wọn. Ọkọ̀ wà níkàáwọ́ ẹlòmíràn, odò tí gọ́tà náà ń ṣàn lọ bá sì wà lábẹ́ ọ́fíìsì kẹta. Ẹni tó fọwọ́ sí owó títì kò bá ẹni tó ń kó ìdọ̀tí jókòó, àwọn méjèèjì kò sì bi ẹni tó ń bójú tó odò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyí. Omi kan náà ló ń gba orí títì, tó ń bọ́ sí gọ́tà, tó ń gbé pàǹtí, tó sì ń kó o lé odò lọ́wọ́.

Òfin ti sọ ẹni tí iṣẹ́ náà tọ́ sí. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ: títì àdúgbò àti àtúnṣe rẹ̀, gọ́tà, iná ẹ̀bá títì, ilé ìyàgbẹ́ fún gbogbo ènìyàn, àti dída ìdọ̀tí nù. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà nínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní Èkó, láti 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìdọ̀tí, èyí tó padà di LAWMA. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní tirẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ ìgbà tí káńsù fúnra rẹ̀ ń mójú tó ìmọ́tótó ṣì ń dárúkọ wolé-wolé, òṣìṣẹ́ káńsù tó máa ń wọ agboolé láìròtẹ́lẹ̀, tó ń bojú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tó sì ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò. Ẹ̀rù wolé-wolé máa ń mú kí ìyá àgbà pàápàá tètè gbálẹ̀.

Ìbàdàn mọ ohun tó ń ná ìlú bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá lójú. Odò Ògùnpa ti kún kọjá ààyè rẹ̀ ní 1960, ní 1963 àti ní 1978. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ó wá ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbàgbé. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò sì wọ ilé, ó gbé ọkọ̀, ó wó afárá, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 200. Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n odò tí wọ́n ti da pàǹtí kún, tí wọ́n sì ti kọ́lé há mọ́ lọ́tùn-ún lósì, ààyè wo ló kù tí omi fẹ́ gbà?

Nígbà náà, ìgboro Ìbàdàn ṣì wà lábẹ́ káńsù kan. Ní 1991 ni ìjọba ológun pín in sí márùn-ún, àwọn mẹ́fà sì wà yí i ká, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 11 lónìí. Ìpín náà mú ìjọba súnmọ́ àwọn kan, ìyẹn dára. Àmọ́ Ògùnpa kò mọ̀ pé wọ́n ti pín ìlú. Láti àríwá ló ti ń bọ̀, ó gba ọgbà Àgọ́dí, ó kọjá ọjà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì forí lé gúúsù, láti káńsù kan bọ́ sí òmíràn. Káńsù tó wà lókè odò lè gbá gọ́tà tirẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ohun tó gbá náà sì lọ dí ẹnu afárá káńsù tó wà nísàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ààtàn rí. Mẹ́rin ni ààtàn ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìdọ̀tí Ìbàdàn: Awótan ní Ìdó, Lapite ní Akínyẹlé, Ajakanga ní Olúyọ̀lé, àti Aba-Eku ní Ọ̀nà-Àrà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní káńsù márùn-ún àárín ìgboro, níbi tí èrò ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ kólẹ̀-kódọ̀tí tó bá gbé pàǹtí ní Ọjà'ba ní láti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá kó tó já a síbi tó tọ́, lẹ́yìn náà kó tún padà wá. Epo tó ń jó lọ síbẹ̀, owó ni. Èyí tó tún burú jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ agboolé àtijọ́ tó yí Mápó àti Bẹẹrẹ ká, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà wọlé rárá. Ọ̀nà tóóró ni, ògiri kan ara, àtẹ̀gùn òkúta wà láàárín.

Níbi tí ọkọ̀ kò bá lè dé, odò ló ń di ọkọ̀ kólẹ̀-kódọ̀tí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, kó dúró létí odò nígbà tí òjò bá ṣú. Obìnrin kan á yọ láti ẹ̀yìn ilé, abọ́ ńlá lórí. Èèpo iṣu wà níbẹ̀, ewé ẹ̀kọ, eérú, ọ̀rá. Yóò dúró, yóò wo ojú ọ̀run, yóò ní sùúrù títí àgbàrá á fi gbéra, nígbà náà ni yóò dojú abọ́ dé. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀bùn. Láti òwúrọ̀ ló ti gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ mọ́ féfé. Ọjọ́ tí wọ́n pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò máa dé àti ibi tí kò ní dé ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún odò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún dé. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ afárá já, ọgbà Àgọ́dí bàjẹ́ débi pé 2014 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ìjọba wó àwọn ilé tó dí ojú omi. Ní 2014 yìí kan náà ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà ọ̀gbàrá ní Ìbàdàn. Ẹ̀yáwó ni o, kì í ṣe ọrẹ.

Nínú gbogbo ohun tí káńsù lè fi owó ṣe, títì ló máa ń wu alága jù. Ọ̀dà tuntun ń dán, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Ta ló ń ya fọ́tò gọ́tà? Àmọ́ títì tí kò ní gọ́tà, àgbàrá ló ń gbà á lọ láàárín ọdún díẹ̀. Wọ́n á tún da ọ̀dà lé ọ̀dà, títì á máa ga sí i, ilé á máa lọ sísàlẹ̀, títí onílé á fi mọ bíríkì sí ẹnu ọ̀nà kí omi má baà wọ yàrá.

Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ gómìnà mọ́, pé káńsù ni kó máa gbà á tààrà. Ìdájọ́ ńlá ni. Bí owó bá ti wà lọ́wọ́ káńsù, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gbé lọ bá káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìṣúná ọdún kò le rárá: títì tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, níbo ni omi rẹ̀ ń lọ? Gọ́tà tí ẹ fẹ́ wà, ọkọ̀ wo ló ń kó ẹrẹ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ wo? Káńsù tó wà nísàlẹ̀ odò ńkọ́, ṣé ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀?

Ní báyìí ná, ẹgbẹ́ onílé ló ń dá a ṣe. Bí ẹrẹ̀ etí gọ́tà bá ti pẹ́ jù, wọ́n á ṣèpàdé, ojúlé kọ̀ọ̀kan á dá owó, wọ́n á lọ háyà típà kan. Típà á kó o tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ onílé kò sì ní béèrè ibi tó lọ dà á sí.