Òróró inú sàláàdì: ó ń ṣe ara lóore, ó sì ń ba ewé jẹ́

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Iowa State University lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bu sàláàdì fún èèyàn 7 jẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan náà ló wà nínú abọ́ nígbà gbogbo: ewé spinach, lẹ́tọ́ọ̀sì, tòmátò wẹ́wẹ́ àti kárọ́ọ̀tì. Ohun tí wọ́n ń dà lé e lórí nìkan ló ń yí padà. Lẹ́ẹ̀kan, kò sí òróró nínú rẹ̀ rárá. Lẹ́ẹ̀kan, òróró gíráàmù 6 ló wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó tó gíráàmù 28. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn náà ní wákàtí wákàtí títí wákàtí 12 fi pé.

Èsì náà kò ní dùn mọ́ ẹni tó ń jẹ sàláàdì tí kò fẹ́ kí òróró kàn án. Nígbà tí kò sí òróró, carotenoid, ìyẹn èròjà tó ń fún kárọ́ọ̀tì àti tòmátò ní àwọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Gíráàmù 6 jẹ́ kí ó wọlé níwọ̀nba. Gíráàmù 28 ló mú un wọlé jù.

Bẹ́ẹ̀, òróró yìí kan náà ló ń mú kí ewé rọ nínú abọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ méjèèjì tó ń ṣe ló máa mọ iye tó yẹ kó dà sí i, àti ìgbà tó yẹ kó dà á.

Kí ni ara ń fi òróró ṣe?

Carotenoid kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Bí oúnjẹ bá dé ìfun kékeré, omi òróòro tó ń ti ẹ̀dọ̀ wá á fọ́ ọ̀rá inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ara lè gbà á. Ọ̀rá yìí ni carotenoid ń bá wọlé. Bí kò bá rí ọ̀rá bá rìn, á kàn gba inú ìfun kọjá, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ara ló ń sọ oríṣi rẹ̀ kan, beta-carotene, di fítámì A, tí ojú àti agbára ìdènà àrùn nílò. Fítámì E àti K náà ń fẹ́ ọ̀rá. Fítámì C ní tirẹ̀ ń yòrò nínú omi, kò béèrè òróró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń fi epo pupa ro tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ti ń rí àǹfààní yìí jẹ láti ìgbà pípẹ́. Kódà, epo pupa fúnra rẹ̀ kún fún carotenoid. Òun ló sọ ọ́ di pupa.

Ṣé ó wá di dandan kí sàláàdì máa wẹ nínú òróró ni? Rárá. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Purdue University ṣe irú ìdánwò yìí pẹ̀lú èèyàn 29. Wọ́n lo bọ́tà, òróró canola àti òróró sóyà, ní ìwọ̀n gíráàmù 3, 8 àti 20. Canola, tí irú ọ̀rá inú rẹ̀ jọ ti òróró ólífì, ló ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré jù: gíráàmù 3 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tó ohun tí gíráàmù 20 ṣe. Òróró ẹ̀pà tó wà lọ́jà wa náà ní irú ọ̀rá yìí dáadáa. Ó yẹ ká rántí pé ṣíbí ìjẹun kan òróró tó nǹkan bíi gíráàmù 14, ó sì ní kálórì bíi 120. Ẹni tó bá ń da òróró láti ẹnu ìgò láìwọ̀n ọ́n lè sọ abọ́ ewé di oúnjẹ tó wúwo ju ìrẹsì lọ.

Ẹni tí dókítà fi sórí oògùn warfarin nítorí dídì ẹ̀jẹ̀ ní láti ṣọ́ra. Fítámì K inú ewé tútù máa ń dín agbára oògùn yìí kù. Kì í ṣe pé kó jáwọ́ nínú jíjẹ ewé. Kó máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, kó sì sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó fi kún un tàbí kó tó dín in kù.

Èéṣe tí fínígà àti òróró kì í fi í bára wọn rẹ́?

Èyí tó pọ̀ jù nínú fínígà, tí Bíbélì wa ń pè ní ọtí kíkan, omi ni. Èròjà tó mú un kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ègé kéékèèké inú omi máa ń di ara wọn mú gírígírí, òróró kò sì ní ohun tó lè fi dì mọ́ wọn. Bí ẹ bá da méjèèjì sínú ìgò tí ẹ sì mì í, òróró á fọ́ sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á rú bí ẹni pé ó ti dàpọ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀: àwọn ẹ̀kán náà á máa pàdé ara wọn, wọ́n á máa dàpọ̀, òróró tó fúyẹ́ ju omi lọ á sì gun òkè padà.

Mọ́sítádì ló ń dá wọn dúró. Èèpo hóró rẹ̀ ní ohun kan tó ń yọ̀, tó máa ń bo ẹ̀kán òróró kọ̀ọ̀kan tí kò fi ní tètè rí èkejì rẹ̀ dì mọ́. Pupa ẹyin náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí lecithin inú rẹ̀ ní apá kan tó fẹ́ omi àti apá kan tó fẹ́ òróró. Òun ló ń mú kí màyónéésì dì. Òun náà ló wà nínú salad cream, tí ilé iṣẹ́ Heinz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní London ní 1914, tó sì di ohun tí a kò lè yọ kúrò nínú sàláàdì òde ìnáwó lọ́dọ̀ wa. Òróró àti fínígà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà náà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló ń wọ̀n ọ́n.

Ìlànà pípo òróró àti fínígà pọ̀ kì í ṣe ti òní. Ní 1699, John Evelyn, ará Ìlú Ọba, tẹ ìwé kan jáde lórí ewé tútù jíjẹ tó pè ní Acetaria. Ìdá mẹ́ta òróró ólífì sí ìdá kan fínígà tàbí omi ọsàn ló júwe níbẹ̀, ó sì fi mọ́sítádì àti pupa ẹyin kún un. Ìdá mẹ́ta sí ẹyọ kan yìí náà ni ọ̀pọ̀ alásè ṣì ń tẹ̀ lé.

Ìmọ̀ pípò yìí tiẹ̀ sọ ẹnì kan di olówó. Nínú ìwé tí Brillat-Savarin, ará Faransé, gbé jáde ní 1825, ó sọ ìtàn d'Albignac, ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kan tó sá lọ sí London nígbà rògbòdìyàn ilẹ̀ wọn. Ó ń jẹun lọ́wọ́ ní ilé oúnjẹ kan nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn po sàláàdì, torí pé ará Faransé ni. Wọ́n fún un lówó dáadáa. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́lá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é láti ilé dé ilé. Ó ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó gba ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé àpótí fínígà, òróró àti ẹyin tẹ̀ lé e. Ìgbà tó máa fi padà sílé, owó tó ti kó jọ ti lé ní 80,000 franc.

Ṣé fínígà lè pa kòkòrò ara ewé?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní ọdún 2018, lẹ́tọ́ọ̀sì láti agbègbè Yuma ní Arizona kó bakitéríà E. coli O157:H7 ran èèyàn 210 ní ìpínlẹ̀ 36 ní Amẹ́ríkà; 5 nínú wọn kú. Àwọn aláṣẹ rí kòkòrò kan náà nínú omi ojú ìṣàn tí wọ́n fi ń bomi rin oko níbẹ̀. Fínígà ṣíbí kan tó kan ewé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò lè pa irú rẹ̀ tán. Torí náà, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta ewé ni irú omi tí wọ́n fi rin ín. Nígbà tí àrùn onígbáméjì bá ń jà ládùúgbò, ẹ̀fọ́ sísè ni kí ẹ jẹ.

Ẹ ya ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi omi mímọ́ tó ń ṣàn fọ̀ ọ́. Kò gba ọṣẹ. Lẹ́tọ́ọ̀sì tó ti Jos wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó nínú oòrùn lè ti rọ kó tó dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi tútù mímọ́ fún bí ìdajì wákàtí, á fa omi padà, á sì le. Yánrin, tí òun àti lẹ́tọ́ọ̀sì jọ jẹ́ ìdílé kan náà, wúlò fún sàláàdì pẹ̀lú. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn kan ń jẹ ẹ́ ní tútù. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Òróró kì í lẹ̀ mọ́ ewé tí omi wà lára rẹ̀, ìdí abọ́ ló máa ń ṣàn lọ.

Bí a ṣe ń pò ó

Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ da ṣíbí ìjẹun kan fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò tó ní ìdérí. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ ń wọlé, torí pé kì í yòrò nínú òróró. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn, eyín ni yóò bá a pàdé. Ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì mọ́sítádì sí i, àti oyin díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ṣíbí ìjẹun mẹ́ta òróró. Ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa. Ewé kan ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò, kì í ṣe ìka, nítorí ohun tó kan jù lẹ́nu lásán lè wọ̀n nígbà tó bá dé ara ewé. Ẹni tó fẹ́ràn ohun kíkan lè dín òróró kù sí ṣíbí méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi aáyù sí i, ẹ po ìwọ̀n tí ẹ máa tètè jẹ tán, kí ẹ sì gbé ìyókù sínú fíríìjì. Ní 1985, aáyù tí wọ́n kó sínú òróró láìgbé e sínú fíríìjì fa àrùn botulism fún èèyàn 36 ní Vancouver, Kánádà. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà ń gbé, ó sì máa ń gbèrú níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí. Òróró kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ara aáyù.

Ìgbà wo ló yẹ ká dà á?

Ọ̀pọ̀ rò pé fínígà ló ń mú kí ewé rọ. Ẹ mú ewé lẹ́tọ́ọ̀sì méjì. Ẹ kán omi tí ẹ fi fínígà sí sórí ọ̀kan: á ká jọ ní róbótó, á sì yọ̀ bọ́. Ẹ kán òróró sórí èkejì: á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun kan bí ìda tẹ́ẹ́rẹ́ wà lójú ewé tó ń lé omi sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òróró mọ ọ̀nà àárín rẹ̀. Bó ṣe ń wọlé ló ń lé afẹ́fẹ́ inú ewé jáde. Ibi tó bá dé á ṣú, á sì rọ. Harold McGee, tó ń kọ̀wé lórí sáyẹ́ǹsì oúnjẹ, ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ On Food and Cooking. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á dọṣẹ, èyí tó bá sì pẹ́ lára òróró kò ní yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bọ̀.

Kábééjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó nípọn, ó sì lè fara dà á fún wákàtí mélòó kan, ìyẹn ló jẹ́ kí sàláàdì oníkábééjì bá òde ìnáwó mu. Bó bá jẹ́ lẹ́tọ́ọ̀sì tàbí yánrin ni olóúnjẹ òde fẹ́ gbé lọ, kó di ewé lọ́tọ̀, kó sì gbé ìgò òróró lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ fún àlejò ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò wọ́n pọ̀, ṣíbí ìjẹun kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ọwọ́ tó mọ́ yí i títí ojú ewé á fi máa dán. Bí òróró bá ti ń ṣẹ́ jọ sí ìdí abọ́, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.