Ọ̀pẹ Òyìnbó Tí Kò Ní Ẹ̀gún fún Ẹ̀yìnkùlé Yín

Ẹ̀yin ìyá wa àti gbogbo ará ilé, àìtó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ewu ńlá fún aboyún. Ó ń mú kí ó máa rẹ̀ ẹ́, kí òòyì sì máa kọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá dà púpọ̀ nígbà ìbímọ, ẹ̀mí rẹ̀ lè bọ́. Èròjà irin tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀. Bí a bá jẹ èso tí ó ní fítámì C mọ́ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ara yóò gba púpọ̀ sí i. Ọ̀pẹ òyìnbó jẹ́ ọ̀kan nínú irú èso náà.

Irú tí ó yẹ ilé

Ẹlòmíràn kì í fẹ́ gbìn ín sílé nítorí pé ewé rẹ̀ ń gún ọmọdé. Èyí tí à ń pè ní Smooth Cayenne kò ní ẹ̀gún létí ewé, àfi díẹ̀ ní ṣóńṣó. Èso rẹ̀ tóbi, ó sì lómi.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Ilẹ̀ oníyanrìn tí kì í dá omi dúró ni ó fẹ́. Nítorí pé òjò pọ̀ ní Abigi àti ní gbogbo agbègbè etí omi wa, ẹ kọ ebè gíga, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà rà. Ẹ gba ọmọ ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń gbìn ín. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibòji fún ọjọ́ 3 sí 5 kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìn ín ní òró, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 sí àárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ bọ́ sí àárín ewé rẹ̀. Ẹ máa tu koríko ìdí rẹ̀. Yóò sábà so láàrin oṣù 15 sí 18.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀fọn

Omi òjò máa ń dúró sí ìdí ewé rẹ̀, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri sì lè yé síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbìn ín jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ sì rí i pé ọmọ yín gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà náà ní oṣù 9.

Bí a ṣe ń jẹ ẹ́

Ẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti èso náà kí ẹ tó gé e. Ẹ jẹ èyí tí ó pọ́n, lẹ́yìn ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́. Ẹ má ṣe mu tíì mọ́ oúnjẹ náà, nítorí pé kì í jẹ́ kí ara gba irin dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ọmú ìyá nìkan tó o.

Àwọn kan gbà pé ọ̀pẹ òyìnbó ń ba oyún jẹ́. Kò sí ẹ̀rí pé ìwọ̀nba tí a ń jẹ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èso kò lè dípò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fún yín. Bí inú ìpéǹpéjú tàbí àtẹ́lẹwọ́ yín bá funfun, tàbí tí èémí yín bá ń yára, ẹ má ṣe dúró de ọgbà: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlera lọrọ̀.