Bí Egungun Bá Há Ajá Lọ́fun

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ènìyàn nìkan, ó kan ajá pẹ̀lú, nítorí pé ajá kì í fi sùúrù jẹun. Nínú igbó Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, egungun ẹran ìgbẹ́ ni ajá ọdẹ ń bá jà. Ní Abigi àti Ìwopin, ní ìhà Ògùn Waterside létí ọ̀sà, egungun ẹja àti ìwọ̀ apẹja ni ó sún mọ́ ọn jù. Ṣùkù àgbàdo àti kóró máńgòrò sì wà níbi gbogbo. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dí ọ̀nà èémí ajá pátápátá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù fún un, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì, èyí tí ó wà ní Ìbàdàn àti èyí tí ó wà ní Abẹ́òkúta, jìnnà sí wa. Ẹni tí ó wà nítòsí ni yóò gba ajá náà là, bí ó bá mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ọwọ́ tó ṣe ohunkóhun, ojú ní láti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àrùn kan wà tí ó jọ egungun há lọ́fun púpọ̀, èyíinì ni dìgbòlugi. Kì í ṣe gbogbo ajá tí ó ní dìgbòlugi ni ó ń sáré kiri tí ó sì ń bu ènìyàn jẹ. Òmíràn a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ a wó sílẹ̀, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò ní lè gbé omi mì, ohùn rẹ̀ a sì yí padà. Olówó rẹ̀ yóò ní egungun ni, yóò sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Inú itọ́ náà gan-an ni àrùn wà, ojú egbò kékeré lára ìka sì tó fún un láti wọlé. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó máa ń yọrí sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń kú nípa rẹ̀ lọ́dún kan, àti pé láti ọ̀dọ̀ ajá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ti kó o.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀? Ajá tí nǹkan há lọ́fun, ara rẹ̀ ti yá ní ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú. Nídìí oúnjẹ tàbí eré ni ó wà tí ìdààmú fi dé lójijì. A máa fi ẹsẹ̀ iwájú ha ẹnu, a máa na ọrùn, ahọ́n àti èrìgì rẹ̀ a sì máa dúdú bí aró. Dìgbòlugi ní tirẹ̀ a máa wá díẹ̀díẹ̀: ìwà ajá náà ti yí padà láti ọjọ́ mélòó kan, kò sì sí ẹni tí ó rí ohun tí ó jẹ. Bí iyèméjì bá wà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ẹ tì í mọ́ ibì kan, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko.

Bí ó bá wá dájú pé nǹkan ni ó há a, ohun tí a ó ṣe nìyí:

Èkínní, bí ó bá ṣì ń wúkọ́ tí èémí sì ń wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó wúkọ́. Ikọ́ a máa lé nǹkan jáde ju ọwọ́ lọ.

Èkejì, kí ẹnì kan di ajá náà mú, kí ẹnì kejì ká ètè rẹ̀ bo eyín, kí ó sì la ẹnu rẹ̀. Bí ó bá rí nǹkan náà, kí ó fi ẹ̀mú fà á jáde. Bí egungun bá há sí àjà ẹnu, ìdí ṣíbí lè yọ ọ́. Ohun tí a kò rí, a kì í fi ìka wá a, kí a má baà tì í wọlé sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ajá kékeré sókè ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí orí rẹ̀ kọ ilẹ̀; ti ajá ńlá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ gbé sókè. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ẹ̀kẹrin, bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ gbé e sí ikùn rẹ̀ níbi tí egungun ìhà parí sí, kí ẹ sì tì í sókè àti síwájú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ tún wo ẹnu rẹ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Henry Heimlich, ni ó gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1974 fún ènìyàn, lára ajá ni ó sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Nígbà tí a bá ń fi ran ajá lọ́wọ́, gbèsè ni a ń san.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá dákú tí kò mí mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ máa tẹ àyà rẹ̀ kíákíá, bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa wo ẹnu rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ ní ṣíṣe. Ẹ má ṣe fi òkèlè ẹ̀bà ti egungun wọlé, ẹ má sì ṣe da epo sí i lọ́fun, nítorí epo lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀ ni ó gbé mì, ẹ má ṣe fa okùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn náà yọ síta díẹ̀, kí ẹ sì gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Kódà bí nǹkan náà bá ti jáde, ó dára kí dókítà yẹ ọ̀fun àti ìhà rẹ̀ wò.

Bí eyín ajá bá ha yín lọ́wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti fi irú abẹ́rẹ́ yìí gba ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan là ní ilẹ̀ Faransé ni ọ̀nà ìgbàlà ti ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi falẹ̀ ni ó ń pàdánù rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ kéékèèké ni ọ̀rẹ́ ajá jù lọ, àwọn ni wọ́n sì máa ń tètè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ wọn pé kí wọ́n pe àgbà ná. Ẹ jẹ́ kí á sì sọ fún àwọn òbí wọn pé ajá tí ó ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ déédéé ni ènìyàn lè ràn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.