Ìdákẹ́jẹ́ Ni Oògùn Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Bí ìyá kan láàárín wa ní Atlanta níbí bá bímọ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé: "Ewé wo ni ká fún ọmọ?" Mo ní kò sí. Ìfun rẹ̀ kò tíì gbó. Àgbo lè ṣe é ní jàǹbá.

Inú òkùnkùn ni ọmọ wà nínú ikùn, ara ìyá sì ń dín ariwo kù fún un. Ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ẹ̀rọ ń ké, iná ń tàn yòò. Ọkàn rẹ̀ lè sáré tàbí kó falẹ̀, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dín kù, oorun tí ọpọlọ fi ń dàgbà á sì máa já. Ní 1997, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ariwo tó bá ju 45 decibel lọ.

Ní 1978, ní Bogotá, Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé àyà ìyá, ara kan ara. Oorun rẹ̀ á dára, èémí rẹ̀ á sì rọlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílé, ẹ wúre jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má kan àpótí ọmọ gbàgbàgbà, ẹ má fín lọ́fínńdà. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ìgbà tí ìyá lè gbé e sáyà.

Orí ọmọ á gbè é o. Àṣẹ.