Cape Epic àti Tour du Rwanda: Ta Ló Ni Ẹrù Náà?

Ìdíje kẹ̀kẹ́ méjì tó lókìkí ní Áfíríkà nìyí: Cape Epic ní Gúúsù Áfíríkà àti Tour du Rwanda. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń gba ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn méjèèjì ló gbà pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó ni ẹrù náà ni wọn ò fẹnu kò lé lórí.

Ní Cape Epic, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, méjì-méjì ni wọ́n ń gùn ún. Ọ̀nà eléruku, olókùúta àti oníyanrìn ni, nǹkan bí 600 sí 700 kìlómítà. Òfin ò gbà kí ẹnì kan fi ìṣẹ́jú méjì ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Ẹni tó yára gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó rọra. Bí táyà ẹnì kan bá jò, ti àwọn méjèèjì ló jò.

Ọ̀nà ọlọ́dà ni ti Rùwáńdà, ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè. Ọdún 1988 ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní aṣáájú kan. Àwọn yòókù ní ń gba atẹ́gùn sára fún un, tí wọ́n ń gbé omi fún un. Bí ó bá rẹ ọ̀kan nínú wọn lórí òkè, kò sẹ́ni tí yóò dúró dè é. Tèmi tìrẹ ni òógùn, ti aṣáájú ni ògo.

Ní ti ìwọlé ńkọ́? Ẹni tó lówó tó sì lágbára lè du àyè Cape Epic, kó sì gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú irú Karl Platt tó gba ife ibẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àyè Tour du Rwanda kò ṣeé fowó rà. Ẹgbẹ́ ló ń yan ni. Bẹ́ẹ̀ ni Valens Ndayisenga, ọmọ Rùwáńdà, ṣe wọlé, tó sì gba ife ìdíje náà lọ́dún 2014 àti 2016.

Èrò tèmi nìyí: ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ jẹun, kó dojú kọ Rùwáńdà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ dán ara yín wò, Cape Epic ni tiyín. Kẹ́ ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá, ẹ kọ́kọ́ wá ẹnì kejì tí eré yín dọ́gba.